Ẹ Tẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Láti bí oṣù mélòó kan ni àwa tí a ń kọ̀wé ẹgbẹ́ ti ń rí ìwé ọjà àwìn kan tí a kò rí irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe fíríìjì, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Ẹní ni. Ẹní tí àwọn ènìyàn ń tẹ́ sílé láti fi ṣe eré ìdárayá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀rín. Púpọ̀ nínú wa ń jókòó ti ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, orúnkún ń dùn wá, dọ́kítà sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré tí ó ń mú ara gbóná. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú 30 ni lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Nítorí náà, àwọn tó ní kí ẹgbẹ́ má fi owó sí nǹkan eré, a kò gbà fún wọn. Bí ẹ ṣe ń ra ẹní náà ni a ń bá yín jà lé lórí.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ra èyí tó nípọn jù, tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ẹni tó tà á fún wọn ní bó bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe dáa tó. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí táìsì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ni ẹní bá yọ̀. Ọrùn ọwọ́ wọn wú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn ò fi ṣí ìsọ̀, owó tí wọ́n ń san padà fún ẹgbẹ́ sì dúró. Àwọn onígbọ̀wọ́ wọn ló wá ń wo ojú wa.

Rírọ̀ kọ́ ni dídáa. Ẹní fóòmù tó nípọn tó mílímítà 10 sí 15 dára fún ẹni tí yóò dùbúlẹ̀, kò ní jẹ́ kí sìmẹ́ńtì gún egungun. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró lé e, ẹsẹ̀ á rì, ọrùn ẹsẹ̀ á máa mì. Èyí tó jẹ́ mílímítà 4 sí 6, tó le díẹ̀, tó sì di ilẹ̀ mú, ló yẹ ẹni tí yóò ṣe eré lórí ìdúró. Bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ ká aṣọ ìnura sábẹ́ rẹ̀. Ó tán. Ọ̀dọ́ tó ń gbé irin ní tirẹ̀, rọ́bà líle ni kó wá. Irin á dá ihò sí fóòmù, á sì fọ́ táìsì onílé. Ẹgbẹ́ kò ní bá yín bẹ onílé o!

Ẹní ìbílẹ̀ ńkọ́? Fún nínà ara lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣẹ̀sín. Orí táìsì ni kò ti dáa, yóò yọ̀ ni.

Ó wá ku àwọn onígun mẹ́rin tí a ń so eyín wọn mọ́ra, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60. Wọ́n a máa dì í ní mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìdì kan yóò bo 120 sí 120. Ta ló lè na ara tán lórí ìyẹn bí kì í ṣe ọmọdé? Ẹyọ 9 ni yóò bo 180 sí 180. Ẹni tó bá dá rà á yóò ra ìdì mẹ́ta, ẹyọ mẹ́ta á sì ṣẹ́kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́rin bá para pọ̀, ìdì mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn yóò rà dípò méjìlá, ẹyọ kan kò sì ní ṣẹ́kù. Àbí kí ni a ṣe ń pe ara wa ní alájẹṣẹ́kù?

Èrò wa ni pé kí ìgbìmọ̀ má fọwọ́ sí ìwé ẹní kankan mọ́ títí ẹni tó fẹ́ rà á yóò fi tẹ̀ ẹ́ wò. Kó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó wò ó bóyá yóò padà bọ̀ sípò. Kó tẹ́ ẹ sórí táìsì, kó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó fi òrí para, kó nu ọwọ́ rẹ̀ ná. Bí ẹ bá sì gbé e délé, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a síbòji, nítorí oòrùn a máa sún fóòmù kì.

A ó gbé oríṣi mẹ́ta wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ dúró lé e lórí ẹsẹ̀ kan, ẹ̀yin bàbá náà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú àwọn mẹ́rin tí yóò jọ ra ìdì mẹ́sàn-án, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akápò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.