Ọyẹ́ ń bọ̀ ní Ìkòròdú: kí ni àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ò sọ fún wa?

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo dé Ìkòròdú Garage, mò ń wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Mile 12. Kọ̀ndọ́ ń pariwo "Kẹ́tu, Òjóta!" bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n iná ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa ò mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́. Àfi bí ìgbà téèyàn fi aṣọ funfun bo títì. Bàbá awakọ̀ mú àkísà, ó nu gíláàsì iwájú, ó ní, "Ọyẹ́ ti ń yọjú nìyẹn." Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá, ọyẹ́ Èkó kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ jọ̀ọ́."

Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin yẹn sọ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, torí òun gan-an ló ń kó wa sí wàhálà.

Orí ààlà la kọ́lé sí

Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Babaláwo ojú ọjọ́ wa lóde òní ni NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń sọ bí òjò, oòrùn àti eruku ṣe máa rí. Tẹ́ ẹ bá ń ka àsọtẹ́lẹ̀ wọn lásìkò ọyẹ́, ẹ ó rí i pé ìlú àríwá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á wá bọ́ sí àárín gbùngbùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi gbólóhùn kan tàbí méjì kan àwa ará etí òkun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń rò pé ọ̀rọ̀ ò kàn wá.

Ó kàn wá. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń jìjàdù lórí Nàìjíríà lọ́dọọdún. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀, omi ló gbé dání, òun ló ń fún wa ní òjò. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, ó gbẹ, eruku ló gbé dání. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Ní oṣù Kẹjọ, ó máa ń lọ sókè dé nǹkan bí ìlà ìbú 20 sí 22. Nígbà tó bá di oṣù Kìíní, á ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 5 sí 7. Ìkòròdú wà ní nǹkan bí 6.6. Ṣé ẹ rí i báyìí? Orí ààlà gan-an la wà.

Ìdí nìyí tí ọyẹ́ Èkó fi máa ń ṣe bí àlejò tó gbàgbé fóònù: ó lọ, ó tún padà. Bí ààlà yẹn bá sún sísàlẹ̀ díẹ̀, ètè á máa bó, aṣọ á gbẹ kíákíá. Bó bá sún sókè lọ́jọ́ kejì, afẹ́fẹ́ òkun á dé, ooru á tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá wà láàárín méjèèjì ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ojú sánmà á mọ́, ilẹ̀ á tutù. Ọ̀rinrin tó ń ti orí ọ̀sà bọ̀ á di kùrukùru, eruku tó ti Chad àti Niger wá á dà pọ̀ mọ́ ọn, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ náà á wọlé sí i. Èyí kì í ṣe òtútù Jos. Ohun tiwa ni ìdájí tí èèyàn ò ní rí iwájú.

Bàálù ní òdiwọ̀n, ọkọ̀ tiwa ńkọ́?

Ẹ rántí February 2020. Ojú ọjọ́ Èkó bàjẹ́ débi pé bàálù mélòó kan tó ń ti òkè òkun bọ̀ ò lè balẹ̀ ní Ìkẹjà. Accra ni wọ́n kó èrò lọ, torí ẹ̀rọ tó yẹ kó máa tọ́ wọn sọ́nà nínú kùrukùru ò tíì ṣetán nígbà náà. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀, inú sì bí àwọn èrò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa: wọ́n balẹ̀ ní àlàáfíà. Ìdí ni pé bàálù ní òdiwọ̀n. Tí ibi tí ojú awakọ̀ lè ríran dé bá ti kéré ju iye tí òfin sọ, kò ní balẹ̀, ó parí.

Àwa tá à ń wọ dáńfó ní Garage ńkọ́? Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò lọ sí CMS àti Falomo ńkọ́? LASWA ní kí gbogbo èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì ìdóòlà, wọ́n sì kìlọ̀ fáwọn ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n má rìn lóru. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ aago ni òfin òru ń tẹ̀ lé, kùrukùru kì í wo aago. Aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ ló máa ń nípọn jù, àkókò yẹn náà sì ni gbogbo Ìkòròdú ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Awakọ̀ tó ń lépa owó ojúmọ́ ò ní dúró kí oòrùn yọ, àwa èrò náà ò ní gbà kó dúró. Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ fún bàbá.

Èéfín tí ò rí ibi gbà jáde

Ọ̀rọ̀ ìlera náà wà ńbẹ̀. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé sọ pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí pa nǹkan bí èèyàn 11,200 láìtọ́jọ́ l'Ékòó ní ọdún 2018, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà òjò, omi máa ń fọ afẹ́fẹ́. Nígbà ọyẹ́, òjò ò sí, afẹ́fẹ́ tútù ìdájí sì máa ń tẹ èéfín mọ́lẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹni tó ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde, tí òtútù àti àìmu omi tó lè dá ìrora sílẹ̀ fún, ọyẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti tó láti gbé wọn dé ọsibítù.

Ká má sì gbàgbé iná. Pápá ti gbẹ ní ọ̀nà Ìtòìkín títí dé Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó ń sun pàǹtí lẹ́yìn ilé, tó sì tọ́jú pẹtiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe wàhálà.

Kí ló wá yẹ?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ báyìí, àjọ ojú ọjọ́ wọn máa ń fi àwọ̀ mẹ́ta kìlọ̀: yẹ́lò, ọsàn, pupa. Ohun tí ojú ọjọ́ máa ṣe fún èèyàn ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bí òtútù ṣe pọ̀ tó nìkan. Irú ẹ̀ la nílò. NiMet ti ń túmọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ ọlọ́dọọdún wọn sí Yorùbá, mo kí wọn fún ìyẹn. Ohun tó kù ni kí ìkìlọ̀ òwúrọ̀ dé Garage àti èbúté. Pátákó kan ṣoṣo ti tó: "Kùrukùru wà lónìí. Ọkọ̀ ojú omi ò ní gbéra títí di aago mẹ́jọ." Kí ẹnu ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ìjọba sì kò lé e lórí.

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn. Tí wọ́n bá ní eruku ti ń gbéra ní Chad, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù kó kàn wá. Ẹ tètè jáde nílé, kẹ́ ẹ má baà máa lé awakọ̀ léré. Ẹ ra òògùn ìfàsínú ikọ́ fée sílẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 tàbí 112, sórí fóònù.

Nípa ti ọkọ̀ wa ọjọ́ yẹn, bàbá ò dá ọmọkùnrin náà lóhùn. Ó tan iná iwájú, ó sì rọra ń wakọ̀ lọ títí a fi kọjá Àgríìkì. A pẹ́ dé. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, èmi náà ò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá, tẹ́ ẹ bá ka èyí, ẹ ṣé o.