Ọkọ̀ Tó Borí ní Ivory Coast, Ẹ Fẹ́ Tà Á Fún Onírin!

Ohun tó bá wà lọ́wọ́ ẹni kì í jọni lójú, ẹ̀yin èèyàn wa! Ọmọkùnrin kan láti Ìkẹ́nnẹ́ ló fa Celica bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ṣàgámù. Ìpẹtà ti mú abẹ́ mọ́tò, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jókòó sílẹ̀. Onírin àlòkù ti ní kílò lòun máa fi rà á.

"Bàbá, ẹ bá mi tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, kí n tà á lọ́tọ̀."

Àgbà mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tó o fẹ́ pa?"

Ló bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ọdún 1970 ni Toyota gbé Celica jáde ní Japan: ilẹ̀kùn méjì, imú gígùn, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í lọ. Ní 1983, Björn Waldegård, ọmọ Sweden, fi èyí tó ní túbò gba ipò kìíní nínú ìdíje Ivory Coast. Juha Kankkunen, ọmọ Finland, gbà á ní 1985, Waldegård tún padà gbà á ní 1986. Safari ti Kenya ní 1984, 1985 àti 1986, Celica náà ni. Bẹ́ẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Audi fi ń sáré nígbà náà o!

"Háà! Ẹ tètè bá mi tún un ṣe, Bàbá, kí n fi gbá ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde wò."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Eré nìkan kọ́. Ní 1972, ní Ivory Coast yẹn kan náà, mọ́tò kan ṣoṣo ò parí ìdíje.  Ẹni tí mọ́tò ẹ̀ bá délé ló borí. Mẹkáníìkì ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà, wọ́n ń yẹ bíréèkì wò, wọ́n ń pààrọ̀ táyà. Ìwọ ńkọ́, ta ló ń dúró dè ẹ́?"

Ọmọkùnrin náà dákẹ́ lọ. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò: táyà àti bíréèkì ṣáájú, pánẹ́ẹ̀bítà tẹ̀lé e, ẹ́ńjìnnì gbẹ̀yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa san owó. Onírin padà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin tí mọ́tò bàbá yín wà lẹ́yìnkùlé ní Rẹ́mọ, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí onírin tó dé. Àmọ́ ẹ rántí o: títì Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, tó gba Ṣàgámù kọjá, kì í ṣe pápá ìdíje. Ọmọ ọlọ́mọ ń bẹ níbẹ̀.