Ta Ni Yóò Yá Akẹ́kọ̀ọ́ Másítàsì Lówó?

Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ lóṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́ ni NELFUND, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, gbájú mọ́. Ẹni tó fẹ́ ka másítàsì ńkọ́? TETFund ń ran olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ́wọ́, PTDF wà fún ìmọ̀ epo rọ̀bì. Ẹni tí kò sí nínú méjèèjì, àpò bàbá rẹ̀ ló kù (bí bàbá bá ní àpò). Àwọn kan ní àgbàlagbà ni, kó lọ ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wo ló fẹ́ gba ẹni tó ń ṣe ìwádìí látàárọ̀ dalẹ́? Wọ́n tún ní owó ẹ̀yáwó náà ò tíì tó àwọn tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ìtọrẹ: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni òfin ní kí wọ́n máa yọ, lẹ́yìn ọdún méjì tí onítọ̀hún bá parí àgùnbánirọ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítàsì ti sìnlú tán. Gbèsè tiwọn lè tètè padà sápò ìjọba ju ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìn-ín-ní.