Ọkàn Kan, Oògùn Méjì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Òwe yìí bá ẹni tó ń lo Ritalin tàbí Adderall kó lè kàwé mọ́jú wí, tó tún ń lo oògùn kó lè rí pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Oògùn àwọn tí dókítà rí i pé wọ́n ní ADHD, tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, ni méjèèjì. Wọ́n máa ń mú kí ọkàn sáré, kí ẹ̀jẹ̀ sì ru. Phentermine tí wọ́n fi ń dín sísanra kù ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹni tó pa wọ́n pọ̀ di ẹrù méjì lé ọkàn kan.

Ẹ má sọ pé tíì eléwé lásán lẹ̀ ń mu o! Wọ́n kó sibutramine kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 2010 nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Síbẹ̀, àjọ FDA Amẹ́ríkà ti bá a léraléra nínú ohun tí wọ́n ń pè ní ewé.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni ju oògùn tí dókítà fún un nù. Ohun tí mo ní ni pé kí dókítà mọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò, títí kan tíì. Bí àyà yín bá ń lù kìkì tàbí tó ń dùn yín, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀. Alààyè ló ń gba ìwé ẹ̀rí.