Ta Ni Yóò Jẹ́rìí fún Àgbo Wa?

Ẹ lọ bá ìyá alágbo kan nínú ọjà Ìlaró tàbí ti Ayétòrò, kí ẹ ní ibà ń ṣe yín. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti ń bu àgbo dóńgóyárò fún yín. Bí ẹnì kan bá wá sọ ewé yẹn di oògùn oníhóró lọ́la, tó sì gba páténtì lórí rẹ̀, a ó pariwo pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ariwo kì í ṣe ẹ̀rí níwájú adájọ́.

Ní 1995, wọ́n fún Yunifásítì Mississippi ní páténtì ní Amẹ́ríkà lórí fífi ata ilẹ̀ pupa wo ọgbẹ́, ohun tí àwọn ìyá ní Íńdíà ti ń ṣe láti ayébáyé. Òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà kò ka ohun tí wọ́n ń ṣe lókè òkun sí, àfi tó bá wà nínú ìwé. Nítorí náà CSIR ti Íńdíà ní láti wá ìwé rí, títí kan àpilẹ̀kọ ìṣègùn kan ti 1953, kí wọ́n tó fagi lé e ní 1997.

Òfin tiwa sàn ju ìyẹn lọ, ó kéré tán lórí ìwé. Òfin Páténtì ti 1970 ka ohun tí aráàlú ti mọ̀ níbikíbi sí, ìbáà jẹ́ kíkọ, sísọ lẹ́nu tàbí lílò. Bí ìhùmọ̀ kan bá hàn gbangba láti inú ìmọ̀ yẹn, kò yẹ fún páténtì. Ìyá alágbo lè jẹ́rìí nìyẹn! Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì páténtì kì í yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fúnni. Ilé ẹjọ́ lẹ ó ti bá a jà. Ẹ̀rí tí ẹ kò bá sì kó síwájú adájọ́ àkọ́kọ́, ó ṣòro kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó gbà á.

Èyí tó dùn wá jù ni ti àṣírí ìdílé. Àgbo tí bàbá kọ́ ọmọ rẹ̀ nìkan nínú yàrá kì í ṣe ohun tí aráàlú mọ̀, kò sì lè ba páténtì ẹlòmíràn jẹ́. Ààlà tún wà níbẹ̀: ewé kan náà, èdè kan náà ní Kétu lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n OAPI ní Yaoundé ló ń fún wọn ní páténtì ní Benin.

Àbá wa ni pé kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yewa gbé fóònù, kí a gba ohùn àwọn ìyá wọ̀nyí sílẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń tà ní gbangba, pẹ̀lú orúkọ ewé àti ọjọ́, kí a sì gbé e síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n bá ní àṣírí ni, kí a ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá ṣì ní àwọn kò sọ, kí a pa fóònù.