Ọmọ Tí Oríkèé Rẹ̀ Rọ̀, Tí Òòyì Ń Kọ́

Ìyá kan láti àdúgbò Koko ní Bouaké kọ̀wé sí wa nípa ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 13. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ náà ti dákú láàárín oṣù kan: níbi tí wọ́n ti ń kí àsíá níléèwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àti níbi tó ti tò sẹ́yìn àwọn tó ń ra attiéké. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣókùnkùn, etí rẹ̀ á máa hó, òógùn tútù á bò ó, ó di gbì! Kò ní í pé ìṣẹ́jú kan tó fi máa lajú. Wọ́n ti fún un lóògùn ibà, kò yí padà. Ìyá ọkọ ti ń sọ̀rọ̀ wárápá lábẹ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ìyá wa ti wá fi kún un, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan kan, pé ọmọ yìí máa ń tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ kan apá láti fi pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú lẹ́tà yín síwájú.

Oríkèé tó rọ̀ kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Orúkọ Peter Beighton ni wọ́n fi ń pe òṣùwọ̀n tí àwọn dókítà fi ń wò ó. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ó fún àwọn Tswana ní gúúsù Áfíríkà nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1973. Máàkì 9 ni gbogbo rẹ̀: ọmọńdinrín tó tẹ̀ sẹ́yìn títí tó fi nàró, àtàǹpàkò tó kan apá, ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún tó tẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, lọ́tùn-ún lósì, ìkẹsàn-án ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láìká orúnkún, kó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ àwọn Yorùbá kan wò ní Nàìjíríà, nínú iṣẹ́ tó jáde lọ́dún 1994, ènìyàn tó lé ní 40 nínú 100 ni oríkèé wọn rọ̀. Ara tiwa ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní í ní ìṣòro kankan títí dọjọ́ ogbó.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tí òòyì máa ń kọ́. Ohun tó so oríkèé pọ̀, tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn, wà lára òpó ẹ̀jẹ̀ náà. Bí a bá dìde dúró, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Òpó ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó fún pọ̀ kó lè tì í padà sókè. Tó bá rọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á dúró sísàlẹ̀, ọkàn á máa sáré, ọpọlọ kò sì ní í rí ẹ̀jẹ̀ tó. Ooru Bouaké lóṣù kẹta, ikùn òfìfo, nǹkan oṣù, ibà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, gbogbo wọn ló ń dá kún un. Bí ọmọ bá ti ṣubú, tó nà gbalaja, ẹ̀jẹ̀ á padà dé ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń tètè jí, kì í ṣe àlùbọ́sà tí wọ́n ń fi sí i nímú.

Ẹ ka ibí yìí fún ìyá àgbà nílé: ẹni tó dákú lásán náà lè gbọ̀n díẹ̀, kò sì ní í pẹ́. Gìrì wárápá máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ lè gé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n jẹ, tó bá sì jí, iyè rẹ̀ kì í tètè padà.

Síbẹ̀, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ lé oríkèé lọ́wọ́. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé ní CHU. Kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó, kí wọ́n wo ibà àti fòníkú-fọ̀ladìde, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù. Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan lọ́rùn ọwọ́. Kó wá dìde dúró fún ìṣẹ́jú 10 láìfara ti nǹkan, kí ẹnì kan wà nítòsí, kí ẹ tún kà á. Fún ọmọ ọdún 12 sí 19, bó bá fi 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé sí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Bí òòyì bá bẹ̀rẹ̀, kó jókòó.

Èyí tí kò gba ìdúró rárá ni ọmọ tó dákú níbi tó ti ń sáré tàbí gbá bọ́ọ̀lù, èyí tó ṣubú láìsí àmì kankan ṣáájú, èyí tí àyà ń dùn, tàbí èyí tí ẹbí rẹ̀ kan ti kú lójijì ní kékeré. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Bó bá dákú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ tú aṣọ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì rọ nǹkan kan sí i lọ́fun. Láàárọ̀, kó mu omi ife ńlá kan, kó jẹun, kó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kó tó dìde. Níbi àsíá, kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò. Iṣan ẹsẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè bíi pọ́ǹpù. Bí ojú bá ti fẹ́ ṣókùnkùn, kó lóṣòó lójú ẹsẹ̀, kó má tijú. Dókítà lè ní kó fi iyọ̀ kún oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ má dá a ṣe. Iyọ̀ lè pa ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú lára.

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà fún ọ̀gá iléèwé, ní èdè Faransé, pé kí wọ́n jẹ́ kó jókòó nígbà tó bá béèrè. Kó sì dẹ́kun àfihàn àtàǹpàkò yẹn, kó má baà dá ìrora sílẹ̀ fún un. Ijó, kẹ̀kẹ́ gígùn àti ìrìn ni kó máa fi dára yá.