Kọ̀ǹpútà Ògbólógbòó: Ẹ Má Tí ì Gbé E Fún Ọlọ́mọlanke

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ọkọ àti aya. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, pàápàá èyí tí ó ti gbó, tí ẹ fi aṣọ bò ní igun yàrá tàbí ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ kò mọ̀ bóyá kí ẹ tà á tàbí kí ẹ tún un ṣe.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Olùkọ́bìnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Àgídìngbì, òun ni ó ń tọ́jú ìwé èsì ìdánwò ní ilé-ìwé aládàáni kékeré kan. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lò, tòkunbọ̀ ni wọ́n rà á ní 2010. Èsì gbogbo ọmọ tí ó ti gba ibẹ̀ kọjá, orúkọ àwọn òbí àti nọ́ńbà fóònù wọn, inú rẹ̀ ni ó wà. Bí ó bá tan kọ̀ǹpútà náà ní àárọ̀, yóò gbá kíláàsì, yóò pe orúkọ àwọn ọmọ tán, yóò sì tún bu omi mu, kí ẹ̀rọ náà tó jí. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, a kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó sú ẹni tí ó ni ilé-ìwé, ó pàṣẹ pé kí wọ́n pe àwọn tí ń ti ọmọlanke kiri ra àjákù irin, kí wọ́n wá gbé e lọ.

Ìyá náà sáré tọ̀ mí wá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o! Iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá mi ni wọ́n fẹ́ gbé fún ọlọ́mọlanke yìí.”

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ohun tí ó gbó kì í ṣe òkú. Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí àìsàn wà lára rẹ̀, kí á tó gbẹ́ sàréè fún un.

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́, àwo kan wà tí ó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ orin àpàlà. Òun ni a ń pè ní háàdì díìsìkì. Ọ̀pọ̀ wọn ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan sì ń sáré lọ sáré bọ̀ lókè rẹ̀ láti wá ohun tí a pa mọ́ síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1956. Àwo 50 ni ó wà nínú ẹyọ kan, ó tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó lè gbà kò ju àmì lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Àwòrán kan tàbí méjì tí fóònù òde òní bá yà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un.

Kí apá náà tó sáré dé ibi tí ohun tí a ń wá wà, dandan ni kí ó pẹ́ díẹ̀. Ìdí kan nìyí tí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó fi ń falẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní SSD kò ní ohun kankan nínú tí ń yí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ dà bí ẹni tí ń tú àpò ìrẹsì wá rìsíìtì kan, àti ẹni tí ó to rìsíìtì tirẹ̀ sórí pẹpẹ, tí ó kàn na ọwọ́ mú un. Bí ẹ bá yọ àwo tí ń yí kúrò, tí ẹ fi SSD sí ipò rẹ̀, bí ìgbà tí ẹ gbé ẹ̀ńjìnnì titun sínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì le ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìlówó nìkan ni í mú ènìyàn ṣe èyí. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n ṣì ń lo Commodore 64, kọ̀ǹpútà inú ilé tí ó jáde ní 1982. Kílóbáìtì 64 péré ni agbára ìrántí rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì àti díìsìkì pẹlẹbẹ ni wọ́n sì fi ń pa nǹkan mọ́ fún un láyé àtijọ́. Lónìí, wọ́n ti so ẹ̀rọ tí ń ka káàdì fóònù mọ́ ọn, wọ́n sì ń so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹni tí ó lówó bá lè tọ́jú ohun àtijọ́ nítorí ìfẹ́, ó yẹ kí àwa náà lè tọ́jú tiwa nítorí àǹfààní rẹ̀.

Èmi àti olùkọ́ wa gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ọjà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village. Àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, kí àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà tó gbà á ní ìparí àwọn ọdún 1990. Ọmọkùnrin kan tí a mọ̀ dáradára ni ó tú ìdè rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀, ó ní, “Mà, orí yín sunwọ̀n. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni tiyín ń lò, SSD yóò bá a mu.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àwọn kọ̀ǹpútà tí ó gbó jù ń lo okùn pẹlẹbẹ tí ó gbòòrò bí ìgbànú. Láti 2003 ni èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí à ń pè ní SATA, ti ń jáde. Bí tiyín bá jẹ́ ti okùn gbòòrò, ìnáwó lè pọ̀ ju èrè lọ.

Ọmọkùnrin náà ti na ọwọ́ láti yọ ti àtijọ́, mo ní kí ó dúró ná. Mo bi olùkọ́ wa pé, “Ibo ni ẹ da ẹ̀dà èsì àwọn ọmọ sí?” Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Kò sí ẹ̀dà kankan.

Èmi kò dá a lẹ́bi, nítorí ohun tí ojú èmi náà ti rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra fíláàṣì kan ní ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n kọ tẹ́rábáìtì 2 sí i lára, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Inú mi dùn, mo rò pé mo gba ènìyàn ní ọjà. Mo kó iṣẹ́ ọdún mẹ́ta sínú rẹ̀, mo sì pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ lo ìwé kan, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣí. Èyí tí mo kọ́kọ́ kó wọlé ni ó ti pòórá, nítorí pé gígábáìtì 32 péré ni fíláàṣì náà ní. Wọ́n ti kọ́ ọ láti máa pa irọ́, bí ó bá sì kún, yóò máa kọ titun lé orí ti àtijọ́. Ìgbà tí mo padà dé ibẹ̀, ẹni tí ó tà á ti kó igbá rẹ̀ lọ. Bí nǹkan bá pọ́n jù lọ́jà, ẹ jẹ́ kí á fura sí i.

Nítorí náà, a kọ́kọ́ da ìwé olùkọ́ wa sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ṣí díẹ̀ wò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ pé wọ́n pé. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin yìí fi SSD gígábáìtì 240 sí i, ó sọ agbára ìrántí rẹ̀ di gígábáìtì 4 láti orí 1, ó sì fi Linux Mint sí i. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ka ìwé tí a fi Windows ṣe. Windows XP tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, láti oṣù kẹrin 2014 ni àwọn tí ó ṣe é ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e wọ íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tí ó sùn tí kò ti ilẹ̀kùn ni. Fún íntánẹ́ẹ̀tì, ó ki ẹ̀rọ WiFi kékeré kan bọ ojú USB rẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.

Kọ̀ǹpútà jí kí a tó ka ogójì. Olùkọ́ wa pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí a bá kàn, wọ́n kọ̀ fún wa. Ojú mi ti wálẹ̀, mo ti ń ṣírò owó tí a ti ná, ni ọmọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ wo aago rẹ̀.” Aago kọ̀ǹpútà wà ní ọdún 2009! Bátìrì kékeré bí owó kọ́bọ̀ tí ó ń gbé aago ró ti kú. Ẹni tí ọjọ́ tirẹ̀ bá wà ní 2009, kò lè gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ lónìí gbọ́, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn fi tì. A ra bátìrì CR2032, owó rẹ̀ kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán, a tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe, gbogbo nǹkan sì ṣí gbayawu. Àròpọ̀ owó wa kò tó ìdajì owó tòkunbọ̀ mìíràn.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí:

Èkíní, ẹ da ẹ̀dà ìwé yín sí ibi méjì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì ṣí wọn wò.

Èkejì, ẹ ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ní ojú ibùjókòó, kí ẹ gba rìsíìtì. Bí ẹ bá ra ohun ìpamọ́, ẹ kó nǹkan kún un tán, kí ẹ ṣí i wò, kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹta, bí owó àtúnṣe bá ju ìdajì owó òmíràn lọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ kò bá lówó ẹ̀rọ WiFi, ẹ fi okùn ṣájà so fóònù yín mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò máa gba íntánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ lójijì a máa ba SSD náà jẹ́. Ẹ fi UPS tàbí sìtábíláísà sí i.

Ẹ̀kẹfà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí jù. Àwo àtijọ́ tí ẹ yọ kúrò, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù, ẹ má sì ṣe tà á. Bí ẹ tilẹ̀ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè tún un rí. Òbí tí ó fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀ kò fún ọlọ́mọlanke. Òfin ààbò ìsọfúnni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 sì ti fi í sí ọrùn ẹni tí ó gba ìsọfúnni kí ó tọ́jú rẹ̀. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fọ́ àwo náà lójú yín.

Bákan náà, ẹ rántí pé ẹ̀gbin ni kọ̀ǹpútà tí a sọ nù. Ìwádìí kan tí àwọn àjọ àgbáyé ṣe ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000 ẹrù iná àlòkù ni ó ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún, apá tí kò kéré nínú wọn kò sì ṣiṣẹ́ rárá. Èyí tí kò bá wúlò mọ́, àwọn ọmọ wa ni ó ń sun okùn rẹ̀ láti yọ bàbà, tí wọ́n ń fa èéfín májèlé símú. Kọ̀ǹpútà kan tí a tún ṣe, ọ̀kan dín kù lórí àkìtàn nìyẹn.

Olùkọ́ wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó ni ilé-ìwé ti ń bi í léèrè pé ta ni ó lè bá òun tún ti ọ́fíìsì òun náà ṣe. Ọlọ́mọlanke kọjá lánàá, ó pariwo, pariwo, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Ire kàrí.